Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin ìyá àgbà àti bàbá àgbà: ẹ jẹ́ ká jọ jẹ nínú ìkòkò kan

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ tọ́ wa, ẹ ṣeun tí ẹ tún ń bá wa tọ́ àwọn ọmọ wa. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo bá wá. Nígbà tí ẹbí bá péjọ, ọwọ́ yín ni ilé ìdáná máa ń wà, ẹnu yín sì ni gbogbo wa ń wò. Tí ẹ bá ní báyìí la ó ṣe sè é, báyìí náà la ó ṣe sè é. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí sí yín, tí n kò kọ ọ́ sí dókítà tàbí sí àwọn tó ń ṣe oúnjẹ inú páálí.

Ọmọ mi obìnrin kò lè jẹ wàrà, kò sì lè jẹ ẹyin. Àlẹ́jì ló ní, ìyẹn ni pé ara rẹ̀ ń bá àwọn oúnjẹ yìí jà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò lè jẹ ohunkóhun tó bá ní àlìkámà nínú. Àìsàn tí wọ́n ń pè ní coeliac ló ń bá a fínra. Tí a bá péjọ, bí a ti ń se oúnjẹ tẹ́lẹ̀ náà la ṣì máa ń sè é, a ó wá bu nǹkan díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn méjèèjì. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lẹ fi ń ṣe é. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí a yí i padà. Ẹ jẹ́ kí ìkòkò ńlá jẹ́ èyí tí àwọn ọmọ yìí lè bù nínú rẹ̀, kí gbogbo wa sì bá wọn jẹ ẹ́. Ohun tí ara wọn kò gbà ni kí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lórí tábìlì tó jìnnà díẹ̀, kí ẹni tó bá wù fi kún tirẹ̀.

Mo mọ ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí yín lẹ́nu: ṣé torí ọmọ kan ṣoṣo ni ogún èèyàn kò fi ní jẹ bọ́tà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Àwo tí a bù sọ́tọ̀ yẹn gan-an ni ewu ń bá wọlé.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí nídìí iná lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀. Ìkòkò méjì ló wà níbẹ̀. Ńlá ní wàrà àti bọ́tà, kékeré kò ní. Ẹni tó ń dáná ń kánjú, ṣíbí onígi kan náà ló fi ń ro méjèèjì. Ẹnì kan tọ́ ìkòkò ńlá wò, ó tún ki ṣíbí kan náà bọ kékeré láti mọ̀ bóyá iyọ̀ rẹ̀ dọ́gba. Ẹlòmíì ti fi ẹyin àti fúláwà bo ẹja, ó ti dín in, ó wá da ọ̀dùnkún ọmọ sínú òróró kan náà. Asẹ́ tí wọ́n fi ku fúláwà lánàá ṣì ní ìyẹ̀fun nínú ihò rẹ̀, òun náà ni wọ́n fi sẹ́ ìrẹsì ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Kànrìnkàn tí wọ́n fi fọ abọ́ wàrà ni wọ́n fi nu àwo tí wọ́n fẹ́ bu oúnjẹ sí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ibi fún ọmọ. Àní gbogbo wọn ló ń ṣe wàhálà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àwo yẹn tó dé iwájú rẹ̀, wàrà, ẹyin àti àlìkámà ti kàn án.

Tó bá jẹ́ ìkòkò kan ṣoṣo ló wà lórí iná, tí bọ́tà ṣì wà nínú fíríìjì títí a ó fi sè é tán, kí ni ṣíbí fẹ́ gbé láti ibì kan dé ibòmíì?

Mo máa ń gbọ́ kí àwọn àgbà sọ pé iná ti pa ohun tó wà nínú rẹ̀. Òótọ́ ni pé iná ń pa kòkòrò àrùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kòkòrò ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Purotéènì inú oúnjẹ fúnra rẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ara ọmọ náà ṣì pè ní ọ̀tá. Ara rẹ̀ ti ṣe ohun ìjà tó bá purotéènì yẹn mu, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní IgE, ó sì tò ó sílẹ̀ dè é. Ọjọ́ tí purotéènì náà bá tún wọlé, ìjà ti dé nìyẹn: ara á bẹ̀rẹ̀ sí í sú, ètè á wú, ọ̀nà èémí á máa dí. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í sábà ju wákàtí méjì lọ. A lè se wàrà títí kó gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò, purotéènì inú rẹ̀ tó ń jẹ́ casein ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀pà tí a yan, ẹ̀pà náà ni. Àwọn ọmọ kan wà lóòótọ́ tí wọ́n ń jẹ kéèkì tí wàrà tàbí ẹyin inú rẹ̀ ti jiná dáadáa, tí kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń dán ìyẹn wò, lójú dókítà, pẹ̀lú oògùn nítòsí. Kì í ṣe ohun tí a ń fi ọmọ dán wò nílé.

Ọ̀rọ̀ kejì ni “díẹ̀ kò lè ṣe é ní nǹkan.” Èyí ló ń dẹ́rù bà mí jù. Ní 1902, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé méjì, Charles Richet àti Paul Portier, sọ ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n ń fi oró ẹranko òkun kan ṣe ìwádìí lára ajá. Ajá tí wọ́n fún ní oró náà ní ìwọ̀n kékeré lákọ̀ọ́kọ́ kò kú, ara rẹ̀ sì yá. Nígbà tí wọ́n tún fún un ní ìwọ̀n kékeré lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó kú kí wákàtí kan tó pé. Richet gba ẹ̀bùn Nobel ní 1913 nítorí iṣẹ́ yìí. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé “ó tọ́ ọ wò lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò sì ṣe é ní nǹkan kan,” ọkàn mi kì í balẹ̀. Ohun tí ara gbà lọ́sẹ̀ tó kọjá kò fi ohun tó máa ṣe lónìí hàn.

Ẹ tún máa ń sọ pé nígbà tiyín kò sí irú èyí. N kò ní bá yín jiyàn ohun tí ojú yín rí. Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, iye àwọn ọmọ tó ní àlẹ́jì oúnjẹ ti pọ̀ sí i ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n àìsàn náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ti òde òní. Dókítà kan ní Vienna, Clemens von Pirquet, ló fún àlẹ́jì ní orúkọ yìí ní 1906. Kó tó dìgbà yẹn rárá, nínú ìwé ìwòsàn ilẹ̀ Gíríìkì ìgbàanì tí wọ́n kà sí ti Hippocrates, wọ́n ti kọ ọ́ pé àwọn kan ń jẹ wàràkàṣì yó láìsí ewu, tó sì ń ṣe àwọn mìíràn ní jàǹbá. Àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wà láyé àtijọ́. Àwọn mìíràn lè kàn kú, kí a má mọ ohun tó pa wọ́n.

Ibì kan wà tí àwọn àgbà kan jàre. Wọ́n ní àṣejù ni pé a kì í jẹ́ kí ọmọ ọwọ́ fẹnu kan nǹkan kan. Ní 2015, Gideon Lack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí 640 ọmọ ọwọ́ tí wọ́n wà láàárín oṣù mẹ́rin sí mọ́kànlá, tí ara wọn fi hàn pé wọ́n lè ní àlẹ́jì ẹ̀pà. Wọ́n ní kí àwọn kan máa jẹ oúnjẹ tó ní ẹ̀pà nínú láti kékeré, kí àwọn kan má sì fẹnu kàn án. Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún márùn-ún, àlẹ́jì ẹ̀pà láàárín àwọn tó ń jẹ ẹ́ kéré sí ti àwọn tí kò jẹ ẹ́ gan-an, ó dín ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí i: ọ̀rọ̀ ìdènà nìyẹn. Àwọn tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé ara wọn ń bá ẹ̀pà jà gan-an kò sí nínú ìwádìí náà. Ọmọ tí àlẹ́jì ti mú, a kò lè fi ẹ̀pà díẹ̀díẹ̀ wò ó sàn nídìí tábìlì.

Gbogbo ohun tí à ń pè ní “kò lè jẹ ẹ́” kò dọ́gba. Mo rí i pé èyí ń da àwọn àgbà láàmú, kò sì yẹ kí a bínú sí wọn, torí ó ń da àwọn òbí náà láàmú. Tí ọmọ mi bá jẹ wàrà, ẹ óò rí i lójú rẹ̀ kí ẹ tó mọ̀. Tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá jẹ búrẹ́dì, ẹ lè má rí nǹkan kan. Á rẹ́rìn-ín, á lọ ṣeré. Ìfun rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún ló ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí oúnjẹ tó ń jẹ kò fi ní máa ṣe é lóore. Dókítà àwọn ọmọdé kan ní ilẹ̀ Netherlands, Willem Karel Dicke, ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àlìkámà ló ń fa coeliac. Ó ti ń fura kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé. Ní ìgbà òtútù 1944 sí 1945, ìyàn mú ní orílẹ̀-èdè náà, búrẹ́dì di ọ̀wọ́n, ara àwọn ọmọ tó ní àìsàn yìí sì ń yá sí i. Nígbà tí búrẹ́dì padà, àìsàn wọn padà. Ó kọ èsì iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1950. Lónìí, ìlànà àgbáyé ni pé oúnjẹ tí wọ́n bá pè ní aláìní-gluten kò gbọdọ̀ ní ju mílígírámù 20 gluten lọ nínú kílógírámù kan. Gluten ni purotéènì inú àlìkámà tó ń ba ìfun wọn jẹ́. Ẹ rí i pé eruku fúláwà ọwọ́ alásè nìkan ti tó láti ba oúnjẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹ́.

Àwọn ọmọ mìíràn wà tí ẹran, ẹyin àti wàrà gbogbo jẹ́ ohun tí a ń wọ̀n fún wọn lórí òṣùwọ̀n, nítorí pé ara wọn kò lè da ohun kan tó wà nínú purotéènì. PKU ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Tí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀, ó ń ba ọpọlọ jẹ́. Mo fẹ́ràn ìtàn bí wọ́n ṣe rí i. Ìyá kan ní ilẹ̀ Norway, Borgny Egeland, ló kíyè sí i pé ìtọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ń rùn lọ́nà tí kò yẹ. Ó lọ bá dókítà kan dé ọ̀dọ̀ dókítà kejì, kò dákẹ́, títí Asbjørn Følling fi yẹ ìtọ̀ náà wò ní 1934, tó sì rí ohun tó wà níbẹ̀. Ojú ẹni tó ń tọ́ ọmọ ló kọ́kọ́ rí i. Irú ojú bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin náà ní, òun ni mo fẹ́ kí ẹ fi wo ọ̀rọ̀ yìí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ ilé ìdáná. Ìkòkò àjọjẹ tí mò ń sọ kò ní wàhálà kankan. Adìyẹ tí a sè pẹ̀lú tòmátò, àlùbọ́sà, ata àti ewébẹ̀ kò ní wàrà, kò ní ẹyin, kò ní àlìkámà. Ìrẹsì funfun náà bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni àwọn nǹkan kéékèèké tí a ń jù sí i: fúláwà tí a fi ń mú ọbẹ̀ ki, àti àwọn èròjà amọ́bẹ̀dùn inú ọ̀rá tí wọ́n ti po wàrà tàbí àlìkámà mọ́. Ẹ fi ìyẹ̀fun àgbàdo rọ́pò fúláwà, àmọ́ omi tútù lẹ máa fi pò ó kí ẹ tó dà á sí i, kó má baà ṣù. Tó bá jẹ́ ọ̀dùnkún gígún ni, ẹ má da omi tí ẹ fi sè é nù tán. Ẹ bu díẹ̀ pa mọ́, ẹ fi gún un pẹ̀lú òróró ólífì àti iyọ̀. Yóò rọ̀, yóò sì dán. Bọ́tà yín wà lórí tábìlì kejì fún ẹni tó bá fẹ́, pẹ̀lú ọ̀bẹ tirẹ̀.

Kéèkì ni gbogbo ayé gbà pé kò ṣeé ṣe láìsí ẹyin àti wàrà. Ó ṣeé ṣe. Ẹ da ago fúláwà kan àtààbọ̀ sínú abọ́, ẹ fi ago ṣúgà kan, ṣíbí ìjẹun mẹ́ta ìyẹ̀fun kòkó, ṣíbí tíì kan baking soda àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sí i, kí ẹ pò wọ́n ní gbígbẹ. Ẹ wá da ago omi kan, ṣíbí ìjẹun mẹ́fà òróró àti ṣíbí ìjẹun kan fínígà sí i. Ẹ rò ó pọ̀ kíá, ẹ má pò ó jù. Ẹ óò rí i tó ń hó wùkẹ̀wùkẹ̀: fínígà àti baking soda ló pàdé, afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ ló máa gbé kéèkì náà sókè dípò ẹyin. Nítorí náà, ẹ má gbé e kalẹ̀ lọ kí àlejò. Ẹ gbé e kíákíá sínú ààrò tó ti gbóná dé ìwọ̀n 180 Celsius, kó wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá wà níjókòó, fúláwà aláìní-gluten lẹ máa lò, kó má ṣe jẹ́ èyí tí wọ́n ń wọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ fúláwà àlìkámà lọ́jà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ka ẹ̀yìn páálí, kódà ti ohun tí ẹ ti ń rà látọjọ́ pípẹ́, torí àwọn tó ń ṣe é lè yí èròjà rẹ̀ padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Wàrà kì í fìgbà gbogbo jẹ́ orúkọ rẹ̀. Casein, caseinate àti whey, wàrà ni gbogbo wọn. Albumin sábà máa ń jẹ́ ẹyin. Semolina àti spelt, ẹbí àlìkámà ni wọ́n. Malt sì sábà máa ń wá láti ara ọkà báálì, tí òun náà ní gluten. Wàrà ewúrẹ́ kì í ṣe àrọ́pò wàrà màlúù fún ọmọ tó ní àlẹ́jì, nítorí pé purotéènì wọn jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ara ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í gbà á.

Mo mọ̀ pé ohun tó ń dùn yín ni pé ọmọ tí kò mu wàrà kò ní lágbára. Ẹ̀rù yẹn tọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ asán. Ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ nílò nǹkan bí mílígírámù 1,000 kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú egungun le, lójúmọ́, ní ìwọ̀n tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ wàrà màlúù mílílítà 100 ń fúnni ní nǹkan bí 120. Ẹni tó bá yọ wàrà kúrò gbọ́dọ̀ fi nǹkan dí àyè rẹ̀. Bí ara ọmọ bá gba sóyà, wàrà sóyà tí wọ́n ti fi kálísíọ̀mù kún lè ṣe é, àmọ́ ẹ mi páálí rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó dà á jáde, torí kálísíọ̀mù náà máa ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Wàrà ìrẹsì kò dára fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ìmọ̀ràn àwọn elétò ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, nítorí májèlé arsenic tó máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ má yọ oúnjẹ kan kúrò lẹ́nu ọmọ látorí ìfura lásán. Ẹ jẹ́ kí dókítà àti onímọ̀ nípa oúnjẹ bá a wò ó.

Bí a bá sì ṣọ́ra títí, nǹkan ṣì lè ṣẹlẹ̀. Tí ọmọ alálẹ́jì bá jẹun tán tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, tí ohùn rẹ̀ yí padà, tí mímí ń nira fún un, tàbí tó rọ jọwọrọ tí ojú rẹ̀ funfun, ẹ má dúró wò ó. Abẹ́rẹ́ adrenaline, oògùn tí dókítà fún un nítorí irú ewu yìí, ni kí ẹ gún un, ní ẹ̀gbẹ́ ìta itan, a tiẹ̀ lè gún un láti orí aṣọ. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Tí kò bá lè mí dáadáa ní ìdùbúlẹ̀, ẹ jẹ́ kó jókòó kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì nà. Ẹ má jẹ́ kó dìde rìn, ẹ má sì fún un ní ohunkóhun mu. Kí ẹlòmíì máa pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Tí kò bá sàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, tí abẹ́rẹ́ kejì sì wà, ẹ gún un. Oògùn ara yíyún kò lè ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yìí. Tí ara rẹ̀ bá yá pàápàá, ilé ìwòsàn ṣì ni, torí ó lè padà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ẹ jẹ́ kí òbí ọmọ fi abẹ́rẹ́ àfikọ́ṣẹ́ hàn yín kí ó tó fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Kì í ṣe àìgbẹ́kẹ̀lé. Ẹ̀yin lẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti máa fẹnu ko ọmọ lẹ́nu, tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ̀pà tàbí wàràkàṣì, ẹ ní sùúrù. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ ọwọ́. Omi ìfọwọ́ ọlọ́tí kì í ṣí purotéènì ẹ̀pà kúrò lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí gan-an. Ọmọ mi ti mọ bó ṣe ń dúró. Níbi àjọyọ̀, nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ bá ti ń jẹ, á ká ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, á máa wo ojú àgbàlagbà, á wá béèrè pé, “Ṣé tèmi nìyí?” kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Kò sunkún, kò ṣe ìjàngbọ̀n, ọmọ gidi ni. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni. Mo fẹ́ kó jókòó síbi kan lọ́dún tí kò ní í béèrè, tí ìdáhùn gbogbo abọ́ tó wà lórí tábìlì yóò jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Èmi nìkan kò lè ṣe ìyẹn, nítorí pé ilé yín ni à ń péjọ sí.

Ẹ pe òbí ọmọ kí ẹ tó lọ sọ́jà, kì í ṣe nígbà tí oúnjẹ bá jiná. Ẹ bi í léèrè ohun tí ara ọmọ kò gbà, bó bá kan ọbẹ̀ tàbí òróró ńkọ́, àti ibi tí abẹ́rẹ́ wà. Tí ẹ bá sì fẹ́ dán kéèkì yẹn wò lọ́jọ́ tí a ń bọ̀, ẹ pè mí nígbà tí páálí kòkó bá ṣì wà lọ́wọ́ yín lórí igbá, kí a jọ ka ẹ̀yìn rẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Ìyá ọmọ kan tí ara rẹ̀ kò gba wàrà.